Síìlì tó pa kílọ́ọ̀ṣì: bí wọ́n ṣe tún Golf 3 mi ṣe ní Sàngó

Orí òkè Màpó ni Golf 3 mi ti jẹ́ kí n mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń kú lọ. Láti Bẹẹrẹ ni mo ti ń gòkè, àpò gaàrí mẹ́ta àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì wà nínú búùtù, mo tẹná, ẹ́ńjìnì hó sókè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń wọ́ lọ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Kò pẹ́ tí òórùn iná fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òórùn tí ẹni tó bá ti tẹ̀lé ọkọ̀ elérù gun òkè rí kò ní ṣì mọ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo fi gíà kìíní rọra wọ́ ọ dé òkè.

Ká ní kílọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ti lo ọdún mẹ́wàá ni, n kò ní ní ẹjọ́ kankan láti rò. Oṣù 14 péré ló lò. Mẹkáníìkì kan tí n kò ní dárúkọ ló gba ₦25,000 owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà náà, tó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, tó pààrọ̀ díìsì nìkan, tó sì fi dá mi lójú pé pẹ́réṣọ̀ àti bíárìnì ṣì lágbára dáadáa. Béljíọ̀mù ni díìsì tó fi sí i, ìyẹn àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn lókè òkun, ₦22,000 ni mo sì rà á. Nítorí náà, nígbà tí mo gbé ọkọ̀ kan náà lọ sí ọgbà mẹkáníìkì kejì, èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn níbí, ohun tó pa kílọ́ọ̀ṣì náà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ kí n tó tún ná náírà kan lé e.

Agbègbè Sàngó ní Ìbàdàn ni ọgbà náà wà, kò tóbi, kò lè gbà ju ọkọ̀ mẹ́jọ lọ, Volkswagen àti Audi nìkan ni wọ́n sì ń tún ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀ á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, Àfáà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń pè é. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ó wọlé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n wa ọkọ̀ náà lọ síbi tó tẹ́jú, kí n dúró, kí n fa hándíbíréèkì sókè dáadáa, kí n fi í sí gíà kẹta, kí n tẹná díẹ̀, kí n wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá dára yóò pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnì kò lè máa yí nígbà tí táyà dúró, tí kílọ́ọ̀ṣì sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Tèmi kò kú, ó ń yí lọ bí ẹni pé n kò fi í sí gíà kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n gbé e sí fíríì, kí n máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí n sì máa fi í sílẹ̀, òun sì tẹ́tí sí i láti ẹ̀gbẹ́ táyà òsì. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ariwo kan á máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi òkúta ha irin. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ariwo náà á dákẹ́. Ó ní bíárìnì kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ó ní ká ní ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀ ló ń dún, tó sì ń dákẹ́ nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, bíárìnì inú gíábọ́ọ̀sì ni òun ì bá fura sí, owó ìyẹn ì bá sì ju èyí lọ fíìfíì. Ìdánwò méjèèjì kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí nínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fìdí sí. Díìsì ni àwo pẹlẹbẹ tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì, wọ́n lẹ ohun tó ń di nǹkan mú mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì bíi ti páàdì bíréèkì. Pẹ́réṣọ̀ ló ń fi agbára sípíríǹgì fún un mọ́ fúláìwíìlì, ìyẹn àwo irin wúwo tó ń bá ẹ́ńjìnì yí. Tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìnì á ti pẹ́réṣọ̀ kí ó tú díìsì sílẹ̀, tí a bá gbé ẹsẹ̀, pẹ́réṣọ̀ á tún fún un pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, fúláìwíìlì ni wọ́n dè mọ́ kíránkì, ìyẹn ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnì ń yí, wọ́n á wá de pẹ́réṣọ̀ lé e lórí, bíárìnì á sì wà lẹ́nu gíábọ́ọ̀sì níbẹ̀. Golf 3 oní-1.8 kò tẹ̀lé ìlànà yìí. Gíábọ́ọ̀sì tí Volkswagen ń pè ní 020 ló ń lò, òdìkejì pátápátá sì ni ètò rẹ̀: pẹ́réṣọ̀ ni wọ́n dè mọ́ kíránkì, díìsì tẹ̀lé e, fúláìwíìlì ló wá dé wọn lórí bí ọmọrí ìkòkò. Bíárìnì kò sí nítòsí wọn rárá. Ìpẹ̀kun kejì gíábọ́ọ̀sì ló wà, lábẹ́ ọmọrí kékeré kan tó kọjú sí táyà òsì, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì gba inú ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì tó ní ihò kọjá láti ibẹ̀ lọ ti pẹ́réṣọ̀ ní òdìkejì. Kì í ṣe gbogbo Golf 3 ló rí bẹ́ẹ̀ o. VR6, ìyẹn èyí tó ní ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́fà, fún àpẹẹrẹ, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá lọ ń wá bíárìnì yìí níbi tí ti Toyota máa ń wà kò ní rí i, ó sì lè sọ fún oníọkọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é. Ohun tó tún dùn mí níbẹ̀ ni pé bíárìnì náà ṣe é pààrọ̀ láì sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Odindi oṣù 14 ni mo fi gbé ariwo kiri ìgboro Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mọ ibi tí ọmọrí yẹn wà ì bá ti mú un kúrò láàárín wákàtí díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, mo sì jókòó tì wọ́n lórí àga oníke kan láti òwúrọ̀. Wọ́n tú orí bátìrì, kébù àti sítátà, wọ́n gbé ọ̀pá irin dábùú òkè ẹ́ńjìnì, wọ́n fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnì rọ̀ mọ́ ọn kí ó má baà fì sílẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀tì tó de ṣáàfù táyà mọ́ gíábọ́ọ̀sì, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ní ihò oníka méjìlá lórí. Irinṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n fi tú wọn, wọ́n sì kọ́kọ́ fi ìṣó kékeré ro ìdọ̀tí tó wà nínú ihò náà jáde, nítorí pé bí irinṣẹ́ kò bá wọlé dópin, yóò jẹ orí bọ́ọ̀tì ni. Jáàkì ni wọ́n fi gba gíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀. Mo mẹ́nu ba ìyẹn nítorí pé mo ti rí ibi tí àyà ọmọ iṣẹ́ ti jẹ́ jáàkì.

Nígbà tí wọ́n yọ fúláìwíìlì, Àfáà pè mí: “Ìyá Ìbejì, ẹ wá wo ohun tí a bá níbí o.” Díìsì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì ohun tó ń di nǹkan mú lára rẹ̀ ṣì ṣẹ́kù dáadáa, irin tí wọ́n fi kàn án mọ́ ọn kò tíì yọrí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán yọ̀yọ̀ bí ìsàlẹ̀ àgbá dídín àkàrà. Epo ti mu ún yó. Ó gbé e sún mọ́ imú mi, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀, mo ní epo tó jóná ni. Ó ti ìka bọ ẹnu ihò gíábọ́ọ̀sì níbi tí epo díẹ̀ ti ń kán, ó gbé ìka náà wá, òórùn tó jáde níbẹ̀ sì jẹ́ bíi ti imí ọjọ́, bí ẹyin tó ti bàjẹ́. “Epo gíà nìyí, mà. Tó bá jẹ́ pé òun ló jò sára díìsì, bí èyí ni ì bá ṣe máa rùn. Epo ẹ́ńjìnì ló wà lára díìsì yín. Síìlì ẹ̀yìn kíránkì ló ń jò.”

Ó tú pẹ́réṣọ̀ kúrò, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ètè síìlì náà, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dí epo mọ́ inú ẹ́ńjìnì, ti gan bí awọ gbígbẹ, ọ̀nà tí epo gbà ṣàn sì hàn gedegbe láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ibí yìí ni mo ti lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Nínú ọkọ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ díìsì nìkan, fúláìwíìlì nìkan ló máa tú. Díìsì á jábọ́ sí i lọ́wọ́, pẹ́réṣọ̀ á sì wà lára kíránkì bó ṣe wà. Ẹ̀yìn pẹ́réṣọ̀ gan-an sì ni síìlì náà fara pamọ́ sí. Mo gbà pé mẹkáníìkì ìjọ́sí lè máà fojú kan síìlì yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí bí kò ṣe ní rí epo lára díìsì tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó nù ún kúrò nínú ilé kílọ́ọ̀ṣì, ó fi díìsì mìíràn síbẹ̀ kí epo máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. ₦6,500 ni síìlì tuntun.

Àfáà kọ ohun tí a óò rà sórí ìwé, ó sì fi ọmọ iṣẹ́ kan tẹ̀ lé mi lọ sí ọjà Àràròmí ní Agodi Géètì, pẹ̀lú díìsì àtijọ́ nínú ọ̀rá. Ó ní kí a má ra ohunkóhun tí a kò bá gbé ti àtijọ́ lé lórí, nítorí pé Volkswagen ṣe díìsì tó ju ìwọ̀n kan lọ fún irú gíábọ́ọ̀sì yìí. Ti ọkọ̀ mi jẹ́ mìlímítà 210 láti etí kan dé èkejì. Ọlọ́jà àkọ́kọ́ gbé èyí tó kéré jù ú lọ wá, ó sì ń búra pé òun náà ni. Ọmọ iṣẹ́ yẹn kò bá a jiyàn, ó kàn gbé méjèèjì lé ara wọn, ó sì dì wọ́n mú sí i lójú.

Mẹ́ta ni wọ́n wá fi síwájú wa. Béljíọ̀mù odindi, díìsì pẹ̀lú pẹ́réṣọ̀, jẹ́ ₦40,000. Tuntun kan wà nínú páálí tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ₦70,000. Ẹ̀kẹta ni ti Sachs, ilé iṣẹ́ ará Jámánì tó wá láti ìlú Schweinfurt, ₦135,000 ni wọ́n ta díìsì, pẹ́réṣọ̀ àti bíárìnì rẹ̀ pa pọ̀. Ẹ̀kẹta ni mo mú. N kò bú ẹni tó bá ra béljíọ̀mù, èmi náà ti rà á fún ilẹ̀kùn, fún iná àti fún àga, kò sì já mi kulẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbó nípa fífi ara ha nǹkan, tí kò sì sí ẹni tó mọ iye kìlómítà tó ti rìn, tí owó iṣẹ́ àtitú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà náà fúnra rẹ̀, n kò rò pé ó yẹ kí a ra àlòkù rẹ̀ mọ́. A wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, a fi wé ti ara páálí, wọ́n bára mu. A tún fi díìsì náà wé ti àtijọ́, a ka eyín tó wà ní àárín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó sanwó.

Epo gíà nìkan ló fa àríyànjiyàn. Ẹni tó ń tà á ní GL-5 ló lágbára jù, pé ẹni tó bá ra GL-4 ń ra ohun tó kéré, bí ẹni pé máàkì ìdánwò ni nọ́ńbà yẹn. Ọmọ iṣẹ́ náà pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, Àfáà sì ní kí wọ́n fún mi ní GL-4, 75W-90, lítà méjì, kí wọ́n má fún mi ní ohun mìíràn. Àlàyé tó ṣe fún mi nígbà tí a dé ni pé àwọn òrùka idẹ wà nínú gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ bí èyí, tó ń mú kí gíà wọlé wẹ́rẹ́, àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ GL-5 sì lè máa jẹ idẹ náà díẹ̀díẹ̀.

Bọ́ọ̀tì mẹ́fà tó de pẹ́réṣọ̀ mọ́ kíránkì wà lára ohun tí a rà, tuntun ni gbogbo wọn, ₦9,000. Mo béèrè ìdí tí a kò fi lè lo ti àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́. Wọ́n ní bọ́ọ̀tì náà máa ń nà díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún un tán, nínà yẹn ló sì fi ń di nǹkan mú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè nà bó ṣe yẹ. Àfáà fi sípánà tó ń wọn agbára fún wọn ní 60 Nm, ó fi ọ̀dà funfun sàmì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó wá tún yí wọn ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, títí tí gbogbo àmì náà fi kọjú síbi tó yẹ. N kò rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì. Nígbà tó dé orí díìsì, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ di í mú, òun sì ń fi irin ìwọ̀n wo àlàfo tó wà láàárín etí díìsì àti etí fúláìwíìlì yíká, ó ń rọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó fún àwọn bọ́ọ̀tì kéékèèké náà pa, nítorí pé bí díìsì kò bá sí ní àárín gan-an, ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì kò ní wọlé, wọ́n á sì máa fi agbára tì í títí wọn yóò fi ba nǹkan jẹ́. Wọ́n pààrọ̀ bíárìnì lábẹ́ ọmọrí rẹ̀, àti àwọn síìlì kéékèèké ti gíábọ́ọ̀sì fún ₦4,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nyẹn kò tíì jò sí ilé kílọ́ọ̀ṣì. Kébù kílọ́ọ̀ṣì tuntun, ₦18,000, ló kẹ́yìn. Irú èyí tó ń tún ara rẹ̀ ṣe bí díìsì bá ṣe ń gbó ni, nítorí náà ó ní kí n wọlé kí n tẹ kílọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kébù náà lè wá ojú ìwọ̀n ara rẹ̀ kí a tó sáná sí ọkọ̀.

Owó epo gíà jẹ́ ₦14,000, owó iṣẹ́ jẹ́ ₦35,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦221,500, owó tó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí mo ná ní ìgbà àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wà, n kò sì ní bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ márùn-ún ni mo gba ọkọ̀ mi, ọjọ́ kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ pé ẹlòmíràn tó ń kánjú ju mi lọ ni wọ́n lọ dá lóhùn. Wọn kò ní ìwé ẹ̀rí owó. Orí bébà páálí sìgá ni Àfáà kọ iye rẹ̀ sí. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ kúnlẹ̀, ó ń fẹnu fẹ́ eruku dúdú kúrò nínú ilé kílọ́ọ̀ṣì, eruku náà sì ń bù ú lójú. Àwọn díìsì àtijọ́ mìíràn ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí Jámánì fúnra rẹ̀ ti fòfin dè láti 1993, kò sì sí ẹni tó lè fojú lásán mọ èyí tó ní in yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Mo ní kí ó fi aṣọ tútù nù ún. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àfáà gbọ́, ó sì ní kí ó lọ bu omi wá.

Ẹ̀kẹrin, mo ti délé lọ́jọ́ tí mo gba ọkọ̀ kí ọmọ mi tó sọ fún mi pé iná ẹ̀yìn tó máa ń tàn nígbà tí a bá ń fẹ̀yìn rìn kò tàn mọ́. Ara gíábọ́ọ̀sì ni wáyà iná yẹn ti ń jáde, wọ́n ti gbàgbé láti so ó pa dà. Mo pa dà lọ ní ọjọ́ kejì, wọ́n so ó láàárín ìṣẹ́jú méjì, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sọ gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, kí ó fi ọkọ̀ sí gíà ẹ̀yìn kí ó sì ní kí ẹnìkan wo ẹ̀yìn kí ó tó kúrò nínú ọgbà.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá báyìí. Kílọ́ọ̀ṣì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ń dì mú láàárín, kò ga sókè bíi ti tẹ́lẹ̀, ariwo òkúta ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àpò gaàrí mẹ́rin gun òkè Màpó, gíà kejì ni mo fi gùn ún láìdúró. Mo máa ń ti páálí bọ abẹ́ ọkọ̀ ní alaalẹ́ láti wò bóyá epo ń kán, kò tíì sí àmì kankan lórí rẹ̀.

Mo máa pa dà sọ́dọ̀ wọn ní oṣù tó ń bọ̀ fún rọ́bà tó gbé gíábọ́ọ̀sì dúró, tí Àfáà ní ó ti ń sán. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí agbègbè yẹn fún irú iṣẹ́ yìí, kí ó má lọ ní ọ̀sán Jímọ̀; mọ́ṣáláṣí ni gbogbo wọn máa ń wà, aago mẹ́ta ni wọ́n tó máa ń ṣí pa dà.